Màámi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Onítáyà Mẹ́rin

Màámi kì í sáré. Ẹ bi gbogbo òbí tó ń fa ọmọ lé e lọ́wọ́ láràárọ̀. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà, èyí gígùn aláwọ̀ ìyeyè tí ṣingọ́ọ̀mù kún abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀nà bá tiẹ̀ gún gbọọrọ níwájú, tí kò sí ẹran, tí kò sí èèyàn, Màámi á ṣì máa rọra lọ bí ẹni tó gbé agbọ̀n ẹyin lé itan. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ ń pè é. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ìgbín kan ń fun fèrè lẹ́yìn wa, pé ká yà fún un kó kọjá. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa bá ìgbín náà lọ, torí ó jọ pé a ti mọra.

Obìnrin yìí kan náà ni, lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù, ó máa ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà pẹlẹbẹ kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ jẹ tán, á dé akoto, á sì wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n finá sí nídìí.

Ọkọ̀ ọ̀hún jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ ìsáré kékeré ni. Èèyàn méjì péré ló ń gbà, ẹni kejì sì gbọ́dọ̀ fa ikùn mọ́ra. Ó pupa nígbà kan, àmọ́ oòrùn ti lá a títí ó fi dà bí ògiri tí òjò ń nà. Iná iwájú rẹ̀ máa ń sùn sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá tàn án, á yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ti apá òsì kì í tètè jí, nítorí náà ó máa ń dà bíi pé Ẹ̀gbọ́n ń ṣẹ́jú sí àwọn èèyàn. Bàbá mi ò fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn rárá. Orogún òun ló ń pè é. Káfíńtà ni bàbá mi, gáréèjì kan ṣoṣo la sì ní. Ẹ̀gbọ́n ń sùn lábẹ́ òrùlé, pákó tí a fi ń jẹun ń sùn nínú òjò.

Eré tí Màámi ń bá wọn ṣe kì í ṣe èyí tí ogún ọkọ̀ máa ń lé ara wọn kiri. Pápá ọlọ́dà kan wà lẹ́yìn ìlú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ilé kankan nítòsí. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń to kóònù rọ́bà sí, tí wọ́n á fi la ọ̀nà tó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Ọkọ̀ kan ló ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, aago nìkan ló sì ń bá a du ú. Ẹni tó bá gbá kóònù kan kúrò nípò, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni wọ́n á fi kún tirẹ̀, ìyẹn sì tó láti sọ ẹni iwájú di ẹni ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń fi eré yìí jẹun. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń tún fìríìjì ṣe wà níbẹ̀. Ife kan ni wọ́n ń du lọ́dọọdún, ife náà ò sì dára tó èyí tí a fi ń bu omi nílé wa.

Ẹni tó sì ń gbé ife yẹn lọ lọ́dọọdún ni Oníbúrẹ́dì.

Ì bá rọrùn tó bá jẹ́ èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà sanra, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń kó búrẹ́dì gbígbóná wá fún gbogbo pápá. Gbogbo wa la máa ń jẹ ẹ́, àfi Màámi. Ó ní ẹni tó bá ń jẹ búrẹ́dì ẹni tó ń nà án, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á dùn, ìdí rẹ̀ á máa ta á. Ọdún tó kọjá tí Oníbúrẹ́dì tún nà án, a wà nídìí oúnjẹ alẹ́, bàbá mi ń nu pákó kan tí òjò ti wú.

"Màmá wọn," ni bàbá mi wí, "ó tó gẹ́ẹ́. Yálà kí orogún mi jáde kúrò nínú gáréèjì, tàbí kí n máa kan àga fún ẹja."

"Ọdún kan sí i," ni Màámi wí.

"Ọdún mélòó la ti fi 'ọdún kan sí i' ṣe?"

Inú bí Màámi, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ó dáa. Tí Oníbúrẹ́dì bá tún gba ife mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, mo máa ta ọkọ̀ náà. Òun gan-an sì ni mo máa tà á fún. Ó pẹ́ tó ti ń fojú jẹ ẹ́."

Bàbá mi dáwọ́ dúró. "Ṣé o gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ jáde?"

"Mo gbọ́."

"Ìwọ ńkọ́?" Èmi ló ń bi.

Mo ní mo gbọ́, àti pé aládùúgbò náà gbọ́, torí Màámi pariwo. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ kejì, Màámi fúnra rẹ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì, ó tún un sọ fún ọkùnrin náà lẹ́nu ààrò, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ Màámi títí ó fi délé.

Báyìí ni ọdún ṣe yí po. Nígbà tí ìdíje tó kẹ́yìn fi máa dé, máàkì Màámi àti ti Oníbúrẹ́dì dọ́gba. Ẹni tó bá ṣáájú èkejì lọ́jọ́ náà ló ni ife, òun ló sì ni Ẹ̀gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màámi ò jẹun, ó kàn ń fi ìka ta ìdí ife tíì ni. Mo ní kí n pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo yọ pátákó kékeré tó máa ń wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n kọ "Ẹ RỌRA, ỌMỌDÉ Ń BẸ NÍNÚ RẸ̀" sí, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ojú ọ̀nà ni a ń bá ẹ̀rín pàdé, Màámi sì ń juwọ́ sí àwọn èèyàn, ó rò pé ńṣe ni wọ́n ń kí òun. Ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní pápá ló kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí i dájú pé nọ́ọ̀tì táyà le, pé bátìrì ò mì, pé kò sí nǹkan kan tó lè fò nínú ọkọ̀.

"Màdáámù, ọmọdé dà?" ló wí.

Màámi yí ẹ̀yìn ọkọ̀ po, ó kà á, ó wò mí. "Ọmọdé náà nìyẹn," ló wí, ó fi pátákó náà gbá mi nídìí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ́rìn-ín. Owó mi pé.

Ìgbà mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa sá, èyí tó yá jù ni wọ́n máa kà. Wọ́n pín awakọ̀ sí ọ̀nà méjì: àwọn tí Màámi wà láàárín wọn ni yóò kọ́kọ́ sá, àwọn ti Oníbúrẹ́dì á tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba awakọ̀ láyè láti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà. Màámi ń rìn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di sítíárì mú, ó ń fi ẹnu ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà ibòmíràn, ẹ ó ní kí wọ́n tètè pe àwọn èèyàn rẹ̀.

Èkíní, ó wà á bíi pé ọmọ iléèwé wà lẹ́yìn. Kò wó nǹkan kan, kò sì yá. Èkejì, ó bínú wọ̀ ọ́, ó sì yá púpọ̀, àmọ́ ó gbá kóònù kan lẹ́bàá àárín, kóònù náà fò sókè bí ẹyẹ. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì wọlé. Nígbà tó padà sí ìlà, mo na omi sí i, ó dà á sí àyà.

"Màámi, ẹnu ni wọ́n ń dà á sí."

"Pa ẹnu mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín bẹ Ẹ̀gbọ́n." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ fi yín gbé búrẹ́dì."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó fa akoto wálẹ̀, ó sì lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ròyìn ìgbà kẹta yẹn. Ẹ̀gbọ́n kígbe jáde láti ìlà. Ó wọ inú kóònù, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, ìdí rẹ̀ ń jù díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ orin. Níbi tí ọ̀nà ti yí padà pátápátá, mo rí i pé kò tẹ búréèkì nígbà tí àwọn yòókù tẹ̀ ẹ́. Mo dijú. Mo ń retí ìró rọ́bà. N ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo fi lajú, ó ti kọjá aago, èéfín ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń ka àkókò rẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

Màámi bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ní, "Ó ku ti Oníbúrẹ́dì."

Nísinsìnyí, àṣà kan wà ní pápá yìí tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Wọn ò ní òṣìṣẹ́. Àwọn tó bá ti sá tán ló máa lọ dúró sí igun ọ̀nà, kí wọ́n máa gbé kóònù tí àwọn tó kàn bá wó, kí wọ́n sì máa fi wọkí-tọkí ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó ń ka aago. Ìyẹn ni pé ẹni tí ò ń bá díje ló ń ṣe adájọ́ rẹ. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n pín ibi ìdúró, igun tó kẹ́yìn bọ́ sí Màámi lọ́wọ́. Mo bá a gbé wọkí-tọkí.

Ìdí kóònù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà yí ká. Tí ọkọ̀ bá sún un, àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kan ìlà, kò sí ìyà. Tó bá jáde kúrò lórí ìlà pátápátá, ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wó kóònù wa, táyà rẹ̀ sì nu ìlà náà kúrò pátá. Màámi dá kóònù padà, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ṣọ́ọ̀kì jáde. Ó máa ń wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo, torí lójoojúmọ́ ló ń fi fa ìlà sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, kí wọ́n má bàa sún mọ́ táyà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á yí kóònù ká, ó tún fà á, ó tún fà á. Nígbà tó fi parí, ìlà náà fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kun ilé ni?"

"Ìlà tí ojú ò rí, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Oníbúrẹ́dì sá ìgbà àkọ́kọ́. Màámi ṣì ń ṣáájú. Ó sá ìkejì. Màámi ṣì ń ṣáájú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Mo wo ojú Màámi, mo rí i pé ó ń jẹ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ló máa sá kẹ́yìn nínú gbogbo ọkọ̀ ọjọ́ náà. Mo ki búrẹ́dì ọwọ́ mi bọ àpò.

Ó gbéra. Ọkọ̀ tiẹ̀ kì í kígbe bíi ti Ẹ̀gbọ́n, ńṣe ló ń kùn. A ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀, a kò rí i, a wá rí i. Ó já sí igun wa, ó ya, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ fì síta, ó fara kan kóònù. Kóònù náà sún, ó mì, ó mì, kò ṣubú. Ọkọ̀ ti kọjá.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka àkókò rẹ̀. Ó fi ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan yá ju Màámi lọ. Àwọn kan hó. Àwọn kan ń sọ pé, "Ó kan kóònù! Ó kan kóònù!" Wọkí-tọkí lọ́wọ́ mi wá sọ̀rọ̀: "Igun tó kẹ́yìn, kóònù yín ńkọ́?"

Màámi ti ń rìn lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì dún. Èmi náà kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ kóònù náà ti jáde kúrò ní ipò rẹ̀, ó kù igun kékeré kan, bí èékánná ọmọ ọwọ́, tó ṣì tẹ etí ìta ìlà ṣọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín bíi ti gbogbo kóònù yòókù ni, ì bá ti jáde tipẹ́. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí wa. Ẹni tó sún mọ́ wa jù ṣì jìnnà débi pé bí ìka ló rí lójú wa.

"Igun tó kẹ́yìn, à ń retí yín."

"Màámi," mo rọra sọ ọ́, "ẹsẹ̀ mi lè ṣèèṣì gbá a o. Ẹ mọ̀ pé n kì í wolẹ̀ tí mo bá ń rìn."

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀." Ohùn tó fi sọ ọ́ ni èyí tó fi ń pe ọmọ tó bá sún mọ́ táyà bọ́ọ̀sì. Mo sún sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé mo sún.

Kò dìde. Ó fi ọwọ́ lé ilẹ̀, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà, ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì. Òógùn kan kán láti imú rẹ̀ sórí ṣọ́ọ̀kì.

"Ìlà ọ̀hún ló nípọn jù," mo wí. Eré ti tán lẹ́nu mi. "Àṣìṣe ni. Ẹ sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, wọ́n á gbà. Gbogbo ìlà yòókù tín-ín-rín!"

"Ta ló fà á?"

Mo wo ṣọ́ọ̀kì tó kù sí ìka rẹ̀.

"Lójoojúmọ́ ni mo ń fà á báyìí," ni Màámi wí. Kóònù ló dojú kọ, ó dà bíi pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. "Tí ọmọ kan bá fi orí bàtà kan ìlà, ó ní, 'Ṣé mo dúró dáadáa, mà?' Mo máa ń ní o dúró dáadáa. Ṣé torí pé àgbàlagbà ló kan án lónìí, kí n wá ní ó ti jáde?"

"Ọmọ kọ́ ni Oníbúrẹ́dì! Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ yẹn!"

Ó na ọwọ́. Mo di wọkí-tọkí mú. Ó tún na ọwọ́, mo sì gbé e fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á sún mọ́ ẹnu, ó tún mú un kúrò. Mo rò pé ó ti yí ọkàn padà. Àṣé ó kàn ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò létè ni.

"Ó kan ìlà," ló wí. "Kò sí ìyà."

Ariwo tó sọ ní pápá, mi ò gbọ́ ọ tán. Oníbúrẹ́dì ti ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ikùn rẹ̀ ṣáájú. Òun náà kúnlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Màdáámù, èmi ì bá ti ní ó jáde."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fi yín síbí."

"Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ẹnu ta ni lásán?" Màámi dìde, ó gbọn orúnkún. "Mo máa gbé e wá lọ́la, tí mo bá ti gbé àwọn ọmọ délé tán."

Nílé, bàbá mi ti gbọ́ kó tó rí wa. Kò yọ̀. Ó wọ gáréèjì lọ, ó dúró síbẹ̀ pẹ́, nígbà tó jáde, ó ní, "Ta ni mo wá fẹ́ máa bá jà báyìí?" Màámi ní kó fọkàn balẹ̀, òun ṣì wà.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé Ẹ̀gbọ́n lọ. Gbogbo ọ̀nà ni Màámi fi rọra wà á, ó ń dúró fún àwọn adìyẹ. Ní ọgbà ilé búrẹ́dì, Oníbúrẹ́dì nu ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó sanwó, kó sì gba kọ́kọ́rọ́. Ó bèèrè ọ́ìlì tó ń mu, Màámi sọ fún un. Ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń jí iná apá òsì, Màámi fi ìkúùkù hàn án. Ó bèèrè afẹ́fẹ́ táyà, ó bèèrè ibi tí òjò ti ń wọlé, ó bèèrè ohun gbogbo bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Màámi ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìbéèrè tán, ó mú ọwọ́ kúrò, ó ní ó dàárọ̀.

À ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sílé. A ò tíì dé ìkóríta nígbà tí a gbọ́ Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn wa, ó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fa létí. Ẹ wò ó, jíà kejì ọkọ̀ yẹn ní ìwà kan. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kì í wọlé àfi téèyàn bá kọ́kọ́ ti ọ̀pá jíà kan ìkẹta, kó tó fà á padà. Ìgbà tí mo fi kọ́ ọ, Màámi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde nílé.

Ẹ̀gbọ́n tún ké. Màámi dijú, ó là á, ó ń lọ.

"Màámi, ṣé ẹ ò sọ ti jíà fún un ni?"

"Mo sọ gbogbo ohun tó bi mí."

"Ti jíà ńkọ́?"

"Ó bi mí nípa táyà," ni Màámi wí, "ó bi mí nípa iná, ó bi mí nípa òjò. Kò bi mí nípa jíà."